Ilẹ̀ Tí Òjò Kò Kàn

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ dúró ní Ojú Ore, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń gbé mọ́tò sí báyìí. Ilé àwọn Kẹ́hìndé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé Ọlọ́run ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà nígbà náà, yunifásítì ń tẹ̀lé e, ilé ènìyàn ni wọ́n sì ń wó fún àwọn méjèèjì. Olórí ẹbí ló ta ilé náà. Kò bi obìnrin kankan léèrè. Ìyá Ìbejì, ìyá Kẹ́hìndé, sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Wọ́n ní kí ló dé. Kò lè sọ. Wọ́n ní obìnrin ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìbejì ni Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n Táyé rẹ̀ kò pẹ́. A kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ sí Èkó ni, kí èyí tó kù má bàa tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n sọ fún Kẹ́hìndé nìyẹn. Nígbà tó dàgbà, ó mọ irú Èkó tó jẹ́. Ṣùgbọ́n kò béèrè rí ibi tí wọ́n sin ín sí. Ta ní í béèrè sàréè ẹni tó lọ sí Èkó?

Yunifásítì kan ni Kẹ́hìndé ti ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí Máàsì ni wọ́n ń ṣe, ayé pupa tó jìnnà yẹn. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kọjá sísọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, irú èyí tí ènìyàn ń mí síta ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò ṣeé mí. Yìnyín wà lábẹ́ erùpẹ̀ rẹ̀. Bí oòrùn bá kan yìnyín náà, kì í di omi. Ńṣe ló ń fò lọ bí èéfín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníyan, ọ̀gá wọn, ní àpótí irin kan tó tó fìríìjì, tó ní fèrèsé gíláàsì kékeré. Ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó ń sọ ọ́ di tútù bíi Máàsì. Ó wá ku erùpẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní pupa ni òun ń fẹ́, èyí tí òjò kò kàn láti ọdún gbọọrọ, nítorí òjò kì í rọ̀ ní Máàsì.

Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí irú ẹ̀ ní Ọ̀tà? Kẹ́hìndé rántí ilé wọn. Katakata tí yóò wó o kò tíì dé ibẹ̀. Ó mọ ibi tí sàréè bàbá àgbà wà nínú pálọ̀, ó yẹra fún un. Yàrá ìyá rẹ̀ ló wọ̀. Ó fọ́ sìmẹ́ńtì ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa ń wà, ó wa erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kún àpò kan. Ó pupa. Ó gbẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìn ín.

Wọ́n tẹ́ yìnyín sábẹ́ erùpẹ̀ náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa.

Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n yàrá ìwádìí náà kò ní fèrèsé. Iná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Sirajudeen, tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, ti kọ́kọ́ fi Kẹ́hìndé ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ bó ti máa ń ṣe: “Àǹtí, ẹ ti Máàsì dé? Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?” Ó wà níta báyìí, ó ń tan jẹnẹrétọ̀. Kẹ́hìndé tan tọ́ọ̀ṣì, ó yọjú sínú àpótí.

Ìrì dídì funfun ti bo erùpẹ̀ náà. Ojú ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọdé. Ẹyọ kan.

Ó nu gíláàsì. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá wò ó. Ó ní yìnyín tó ń fò lọ ló jẹ́ kí erùpẹ̀ jìn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí àpótí náà kí àwọn àlejò òkè òkun tó dé lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, iṣẹ́ ọdún méjì bàjẹ́ nìyẹn, kí Kẹ́hìndé sì máa wá iṣẹ́ mìíràn. Kò fi ṣe àwàdà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti di méjì. Wọ́n kọjú sí gíláàsì.

Kẹ́hìndé súnmọ́ ọn. Gíláàsì ń kùn, bí ìgbà tí ìkùukùu bò ó. Ó fi etí ìró nù ún. Kò lọ. Inú ló wà. Ó ń kùn, ó ń mọ́. Ó ń kùn, ó ń mọ́. Èémí. Nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde.

Yàrá kan ní Ṣàngó, nítòsí Toll Gate, ni ìyá rẹ̀ háyà lẹ́yìn tí wọ́n ta ilé. Ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí Kẹ́hìndé wọlé.

“Màámi, ibo ni Táyé wà?”

“Ó lọ sí Èkó.”

“Màámi.”

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Kẹ́hìndé ròyìn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró sínú ẹ̀wà.

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé inú àpótí náà tutù?”

Kẹ́hìndé ń wo ẹ̀wà.

“Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ó tutù, mà.”

Ìyá Ìbejì dìde. Ó tú ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, ó fa ọ̀já kan yọ tó ti ṣá. Ó ní, “Mú mi lọ.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti lọ pàdé àwọn àlejò ní pápákọ̀ òfurufú. Kò sẹ́nì kankan nínú yàrá ìwádìí. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì. Kò pariwo.

“Táyé, o ti Èkó dé?”

Gbogbo gíláàsì náà kùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kẹ́hìndé gbé ọwọ́ lé irin tí wọ́n ń yí láti tú afẹ́fẹ́ sínú àpótí. Ó rò ó pé òun ló ń san owó yàrá tí ìyá òun ń gbé. Ìyá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó yí i.

Afẹ́fẹ́ wọlé. Ohùn rẹ̀ gùn, bí ẹni tó ti sé èémí láti ọjọ́ pípẹ́. Kẹ́hìndé ṣí ilẹ̀kùn. Erùpẹ̀ náà tẹ́. Kò sí ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì kẹ̀yìn sí àpótí náà. Ó tẹ̀ba, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì di ọ̀já. Nígbà tó fẹ́ nàró, ó gbá tábìlì mú.

Oòrùn ń ta gan-an níta. Sirajudeen kí ìyá náà, ó fẹ́ dápàárá, ó sì tajú kán rí ẹ̀yìn rẹ̀.

“Àǹtí, ọmọ ta nìyẹn?”

Kẹ́hìndé wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀já náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Omi ń kán níbẹ̀.

“Màmá, ẹ bo ẹsẹ̀ ẹ̀,” ni Sirajudeen wí. “Ó ti funfun.”

Ìyá Ìbejì kò dúró. Ó ń rọra gbé ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Kẹ́hìndé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Yàrá Ṣàngó yẹn làwọn méjèèjì jọ ń gbé báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ìyá Ìbejì léèrè Táyé, kì í sọ mọ́ pé ó lọ sí Èkó. Ńṣe ló máa ń fi ìka lé ètè, táá wo orí bẹ́ẹ̀dì, táá ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀.