Lọ́rì Tí Fọlákẹ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tún Ṣe

Ẹsẹ̀ méjì ni Àdìgún kọ́kọ́ rí, wọ́n yọ jáde lábẹ́ lọ́rì kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, nínú ọgbà kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ Aràmọkọ. Ó ti ń wa ọkọ̀ fún ọdún méje, ó sì mọ̀ pé ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán kì í kọ ìrànlọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Ṣé kí n bá yín di nǹkan mú?"

"Ẹ bá mi na sípánà ńlá yẹn. Èmi kì í ṣe bọ̀dá."

Obìnrin ló yọ jáde. Ọ́ìlì ti kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣòkòtò ọkùnrin ló sì wọ̀. Ó wo Àdìgún bí tísà ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Tísà náà ni lóòótọ́. Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Olóògbé Olúwọlé, ló fi lọ́rì yẹn kó kòkó fún ogún ọdún. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni ọkọ̀ náà ti dúró sójú kan, tí adìẹ ń yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?"

"Bàbá mi. Èyí tí kò kọ́ mi, mo máa ń tú u wò, màá sì tún un tò padà títí á fi yé mi."

Ọdún 1983 nìyẹn. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí Àdìgún sí, ṣùgbọ́n ará Ìwó ni Kàsúmù bàbá rẹ̀, onímọ́tò tó ti pẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Sátidé tí Àdìgún kì í yà ní Aràmọkọ. Ó ń mú irin bíréèkì àlòkù bọ̀ láti Iléṣà, ó ń ra àgbàdo sísun dání.

"Ẹ ti pẹ́ nídìí ọkọ̀, ẹ ò sì mọ ohun tó ń yí táyà," Fọlákẹ́ á ní.

"Èmi ń wà á ni. Ẹ̀yin lẹ ń bá a sọ̀rọ̀."

Kí òjò tó dá, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n Hannah, ìyá Fọlákẹ́, kò fẹ́ rí ọkọ̀ náà mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá wò ó, ọkọ rẹ̀ ló ń rí. Ó ní tí kò bá rìn kí oṣù kẹwàá tó parí, Samson tó ń ra irin àlòkù á wá wọ́ ọ lọ. Jíábọ́ọ̀sì, àpótí tí jíà ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, nìkan ló kù tí kò tíì ṣiṣẹ́.

Ọkàn Àdìgún kò balẹ̀. Lọ́jọ́ Tusidé kan, nígbà tí Fọlákẹ́ wà ní ilé-ìwé, ó mú mẹkáníìkì wá láti Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tí Fọlákẹ́ dé, ẹ́ńjìnnì ń dún, ọkọ̀ ń rìn síwá sẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ṣí i?"

"Mo ní kí n fi ṣe ẹ̀bùn fún ọ ni. Ọjọ́ ti ń lọ."

"Ìgbà mẹ́ta ni mo tú jíábọ́ọ̀sì yẹn. Ó ku díẹ̀ kó yé mi." Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ máa lọ, Bọ̀dá Àdìgún."

"Ẹ" yẹn dun Àdìgún ju èébú lọ.

Ní Sátidé, Fọlákẹ́ tú gbogbo jíábọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ padà sórí ẹní. Ìyá rẹ̀ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Àdìgún fẹsẹ̀ rìn wọlé, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Mi ò wá ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo wá kọ́ṣẹ́ ni."

Fọlákẹ́ gbé abọ́ nọ́ọ̀tì fún un pé kó fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n. Ó fọ̀ wọ́n láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, kò béèrè nǹkan kan.

"Kí ló dé tó o fi mú mẹkáníìkì wá?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, pé Samson á wọ́ lọ́rì náà lọ. Mi ò bi ọ́ bóyá ẹ̀rù ń ba ìwọ náà."

"Kò bà mí."

"Mo ti rí i báyìí. Má bínú, Fọlákẹ́ mi."

Fọlákẹ́ jókòó tì í, ó fi bí eyín jíà ṣe ń wọ ara wọn hàn án. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí nígbà tí lọ́rì náà jáde kúrò nínú ọgbà. Hannah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n sọ fún Samson pé kó má wá mọ́.

Fọlákẹ́ àti Àdìgún di kòkó ní Ìpótì, Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì wa lọ́rì náà gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Kàsúmù jáde wá wò ó.

"Ta ló wa ọkọ̀ yìí gòkè?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ta ló tún ọkọ̀ ṣe?"

"Èmi náà ni."

Kàsúmù yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fọ nọ́ọ̀tì, bàbá."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bí wọ́n ti ń padà sọ̀kalẹ̀ ni Àdìgún sọ ọ́: "Mo fẹ́ fẹ́ ọ." Fọlákẹ́ kò gbójú kúrò lọ́nà. "Mo ti ń retí kó o sọ ọ́. Mo gbà."

Hannah ni kò tètè gbà. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni òun àti Fọlákẹ́, Ìmàle sì ni ilé Kàsúmù.

"Àdìgún ní òun ò ní sọ pé kí n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀," Fọlákẹ́ sọ fún un. "Bàbá rẹ̀ náà sọ ọ́ lójú mi. Mo gbà wọ́n gbọ́, ìyá mi."

Oṣù méjì kọjá kí Hannah tó ní, "Jẹ́ kí wọ́n wá."

Lọ́jọ́ kejì, Fọlákẹ́ wa lọ́rì rẹ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ó bá Àdìgún ní gáréèjì.

"Ìyá mi ní kí ẹ wá tọrọ mi ní Sátidé."

"Èèyàn wa pọ̀ o. Mọ́tò bàbá mi ò ní gbà wá tán."

"Ẹ tètè múra," ni Fọlákẹ́ wí. "Èmi ni màá wá kó yín."