Ẹ̀wù Òkú Lára Ìyá-Àgbà

Ìyá-àgbà Asimawu ti lé tìróò. Ó wé gèlè, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé wọn ní Òkè-Àgbò, ó ń retí kí Aqeelah, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wá ya àwòrán òun. Gàrí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ yan, èéfín sì ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n. Òun náà fẹ́ wà nínú àwòrán kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Aqeelah yà á títí, kò jọ ọ́. Imú wọ́, ẹnu ṣe ràgàjì. Ó ní kí Ìyá-àgbà lọ sinmi, ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún sún un síwájú.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Oyètọ́lá, ti fi àwòrán àtijọ́ láti Jàpáàn hàn wọ́n: àwọn òṣèré kàbúkì, ọkùnrin tó kun ojú ní funfun, tí àwọn mìíràn ń ṣe bí obìnrin lórí ìtàgé. Ó ní kí kálukú ya ẹnì kan nílé rẹ̀ báyẹn fún ìdíje kan, kí ẹni tí wọ́n yà wọ ẹ̀wù bíi tiwọn nínú àwòrán. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní yunifásítì ní Àgó-Ìwòyè. Ìyá-àgbà nìkan ló sì ń tọ́ Aqeelah, agbára rẹ̀ kò ká owó yunifásítì.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà yá ọ̀kan nínú àwòrán Tíṣà. Kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ó da ojú àwòrán náà bo gíláàsì fèrèsé, ó fi bébà lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó tọ ìlà rẹ̀. Òṣèré tó kọjú sí ọ̀tún wá kọjú sí òsì. Ó wé gèlè fún un, ó kọ “Ìyá-Àgbà Mi” sábẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún Ìyá-àgbà pé òun ti yà á tán. Ó rò pé òun gbọ́n.

Ọ̀mọ̀wé Adélọ́lá, olùkọ́ yunifásítì tó ti gbé Jàpáàn rí, ló wá ṣe ìdájọ́. Ó dúró pẹ́ níwájú àwòrán náà.

“Ta lo yà yìí?”

“Ìyá-àgbà mi ni, mà.”

“Ṣé wọ́n ti ṣaláìsí ni?”

Aqeelah ní rárá, wọ́n wà nílé. Obìnrin náà wá ṣàlàyé pé ní Jàpáàn, apá òsì ẹ̀wù ni alààyè máa ń fi bo apá ọ̀tún. Òkú nìkan ni wọ́n ń wọ ọ̀tún lé òsì fún. Ó ní ará Jàpáàn tó ya ojúlówó àwòrán yìí kò ní ṣe irú àṣìṣe yìí, àfi ẹni tó da iṣẹ́ rẹ̀ dé láti tọ ọ́. Tíṣà mú àwòrán tirẹ̀ wá, wọ́n dà á dé, ìlà bá ìlà mu. Wọ́n yọ Aqeelah kúrò nínú ìdíje. Lará, ọmọ kíláàsì wọn, tó ya bàbá rẹ̀ pẹ̀lú imú wíwọ́, ló gba ẹ̀bùn náà.

Nígbà tó délé, Ìyá-àgbà ti lé tìróò mìíràn.

“Ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi ni?”

Aqeelah bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀wù òkú. Ìyá-àgbà fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ojú mi yìí ni kò dára tó, àbí?”

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jókòó báyìí, òun á yà wọ́n. Ìyá-àgbà fi etí ìró nu tìróò kúrò.

“Mo ti jókòó tán, ọmọ mi.”

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, wọ́n sin ín. Aqeelah mú bébà, ó fẹ́ ya ojú náà láti inú ìrántí, kò rí i yà. Nígbà tí Ìyá-àgbà jókòó tì í, kò wò ó dáadáa.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹ̀yin ọmọ, bí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá tilẹ̀ wọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tiyín. Ẹni tó ń dúró dè yín kò ní dúró títí.