Ẹrẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

"Ẹ dúró! Ẹ dúró! Kí ni dúdú yìí?"

Ọkùnrin tó ń wa ilẹ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ṣọ́bìrì rẹ̀ ti rì dé ọrùn. Ó fà á, fà á, ilẹ̀ ò fi í sílẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ń fà á láti ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ dú ju ẹ̀yìn ìkòkò lọ, òórùn rẹ̀ sì lè jí òkú dìde kó tún bínú.

Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ihò náà, àyà rẹ̀ já. Ọmọ agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe títì tó gba iwájú ilé ìwé ni. Ọmọbìnrin ilé ìwé lásán ni o, àmọ́ tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò bàbá rẹ̀ lásìkò ìsinmi, tó di àsíá pupa mú, ẹ ó rò pé òun ló ni ìlú. Tó bá fi ohùn lé dírẹ́bà kan kúrò lọ́nà, àwọn ẹyẹ àdúgbò kejì á kó ẹrù wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré nìyẹn.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu náà pa mọ́ pátápátá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ni: "Iṣẹ́ tó kù wá kù nìyí o. Bí ìnáwó kankan bá tún yọjú níbẹ̀, àfi ká ta róólà."

Róólà yẹn ni ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ilẹ̀ kó le, òun nìkan sì ni bàbá rẹ̀ ní láyé. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé orogún òun ni. Láìsí róólà, kò síṣẹ́, kò sílé ìwé, kò sí nǹkan kan. Ẹrẹ̀ báyìí ńkọ́? Kíkó ni wọ́n ń kó o dànù, òkúta ni wọ́n sì fi ń dí ihò rẹ̀. Owó òkúta ò sì kéré.

"Ẹ da yangí lé e lórí," ó wí fún dírẹ́bà tipa.

Dírẹ́bà yọ orí lójú fèrèsé. "Ṣé bàbá ẹ mọ̀ sí i?"

"Bàbá mi ti lọ wá òkúta, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo wà níbí."

"Òótọ́ ni, ìwọ lo wà níbí. Ilẹ̀ náà wà níbí."

Àmọ́ ó gbé ẹ̀yìn tipa sókè. Yangí dà wìì, ihò di.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnjiníà ìjọba dé, obìnrin kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju òjò ọ̀gbẹlẹ̀ lọ. Ó fẹ́ dán ilẹ̀ wò kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i. Wọ́n di yangí kún tipa bámúbámú, ó ń yí lọ jẹ́jẹ́, ẹnjiníà ń wo abẹ́ táyà. Ibi tí ilẹ̀ bá ti mì bí ikùn ẹni tó yó, ibẹ̀ ò dáa nìyẹn. Ẹni tó di àsíá mú ló ń júwe ọ̀nà fún dírẹ́bà. Ta ló di àsíá mú? Ọ̀gá Kékeré.

Nígbà tí wọ́n dé géètì ilé ìwé, níbi tí ẹrẹ̀ wà, ó na àsíá sápá òsì.

"Ọ̀tún ló kàn," dírẹ́bà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ dákun."

Dírẹ́bà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó yà sósì. Ilẹ̀ ò mì. Ẹnjiníà buwọ́ lùwé. Bàbá rẹ̀ gbá a mọ́ra débi pé díẹ̀ ló kù kí eegun ìhà rẹ̀ kán. "Ọmọ mi àtàtà!" Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ojú bàbá rẹ̀.

Wọ́n da ọ̀dà. Títì ń dán débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí. Òjò wá dé, ó rọ̀ bíi pé wọ́n gbàgbé ẹ̀rọ omi sílẹ̀ lókè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ilé ìwé tó kún fún ọmọdé gba ẹ̀gbẹ́ géètì náà kọjá. Ọ̀dà ya bí aṣọ, táyà iwájú wọlẹ̀, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbì! Igbe àwọn ọmọ yẹn ò ṣeé fetí gbọ́. Bàbá Ọ̀gá Kékeré bẹ́ sínú ẹrẹ̀, ó ń fa ọmọ yọ lójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ apá ọmọ kékeré kan kán.

Nígbà tí ẹnjiníà dé, ó ki ọwọ́ bọ ihò. Yangí ló kọ́kọ́ bù, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ dúdú.

"Ẹ rí èyí, ẹ wá bò ó?" ó bi bàbá Ọ̀gá Kékeré.

"Mo fi Ọlọ́run búra, Màdáámù, n ò rí i."

"Èmi ni." Ohùn Ọ̀gá Kékeré ò lè lé ẹ̀fọn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n bò ó. Mo gbọ́ tí Bàbá mi ń sọ pé àwọn á ta róólà."

Ẹnjiníà ṣí akoto lórí. "Ìwọ ọmọ yìí, ìjọba ya owó sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ yìí tìtorí irú ilẹ̀ báyìí gan-an. Ta ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ? Ká ní ẹ pè mí nígbà tí ihò ṣì là sílẹ̀, n bá wò ó, n bá wọ̀n ọ́n, ìjọba ì bá san án. Èyí tí ẹ bò mọ́lẹ̀ yìí, ọrùn bàbá ẹ ló wà. Àtilẹ̀ àtọ̀dà."

Bàbá rẹ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ọkàn yín ò ní gbà á, Bàbá mi."

"Ṣé ọkàn mi wá gba èyí?"



Nígbà tí àwọn tó ra róólà wá gbé e lọ, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ tó gbé e títí dé kọ́nà, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé. Ọ̀gá Kékeré lọ bẹ ìyá ọmọ tí apá rẹ̀ kán. Obìnrin náà gbọ́ ọ délẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá rí ohun tó burú, ẹ pe àwọn àgbà sí i nígbà tí wọ́n ṣì lè wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀ ń dáàbò bo òbí yín tí ẹ bá fi pa mọ́. Ohun tí ẹ bò yẹn ò lọ síbì kankan. Ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa jìn sí i.