Ibi Tí Ohùn Wọn Ti Ṣọ̀kan

Lẹ́búlẹ́bú pákó ló kún orí rẹ̀, ìṣó mẹ́ta ló há sí ètè rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì bí ẹni tó ń gbàdúrà, nígbà tí Fúnlọ́lá kọ́kọ́ rí i.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló ní kí káfíńtà náà wá tún àwọn bẹ́ǹṣì tó ti ya ṣe. Kò sí yàrá mìíràn tí wọ́n lè kó àwọn ọmọ sí, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ lọ bí tíṣà ṣe ń kọ́ wọn.

"Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ," ni Fúnlọ́lá wí, "ẹ ṣáà má kan ìṣó tí mo bá ń sọ̀rọ̀."

Ó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu. "Mo gbọ́, mà."

"See eye to eye" ni ohun tí Fúnlọ́lá kọ sójú pátákó lọ́jọ́ náà. Ó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí èèyàn méjì máa wo ara wọn, pé ohun tí àwọn Òyìnbó ń sọ ni pé kí ohùn àwọn méjèèjì ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ fi ṣe gbólóhùn fún mi. Ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni mo fẹ́."

Jùwọ́nlọ, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dìde. Ó ní òun àti ìyá òun see eye to eye láàárọ̀, nígbà tí ìyá òun ká òun mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó dákẹ́, ọwọ́ ńlá kan nà sókè lẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Èmi àti pákó yìí do not see eye to eye láti àárọ̀."

Fúnlọ́lá fẹ́ fajú ro, àmọ́ ẹ̀rín ṣẹ́gun rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ gbà á."

"Máàkì mélòó ni, mà?"

"Ẹ kọ́kọ́ parí bẹ́ǹṣì ná."

Olúkúnlé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Akínmọ̀ọ́rìn. Ó ti ka ìwé dé pólì ní Ìbàdàn, ó wá iṣẹ́ títí, kò rí, ló bá padà sídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Nígbà tí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé náà ní Fìdítì fi máa parí, ó ti di pé ọ̀kadà rẹ̀ ló ń gbé Fúnlọ́lá dé Ìlọrà, níbi tí tíṣà náà, ìyá rẹ̀ àti Ìyìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jọ ń gbé.

Gbólóhùn ọjọ́ náà wá di eré wọn. Olúkúnlé á tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù: "Ikùn mi àti ẹ̀wà àná kò see eye to eye." Fúnlọ́lá á fèsì: "Gírámà yín kò pé, ọ̀gá káfíńtà." Òun náà á ní, "Ẹ kọ́ mi, tíṣà mi. Gbogbo ayé mi ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ."

Fúnlọ́lá kì í ṣe ẹni tí í ṣubú sínú ìfẹ́ láìbéèrè. Àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde ló pa Àkànbí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Òun náà ló wà lára Ìyìn. Fúnlọ́lá mọ̀ pé AS ni òun, ó sì ti bi Olúkúnlé ní oṣù àkọ́kọ́. Olúkúnlé fi ìwé kan tí wọ́n fún un nígbà tó ń wọ pólì hàn án. AA ló wà níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní kí wọ́n tún lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó. Abẹ́ igi máńgòrò kan l'Ọ́yọ̀ọ́ ni Fúnlọ́lá ti ṣí ìwé èsì. AS ni ti Olúkúnlé.

"Fúnlọ́lá, mi ò purọ́ fún ọ."

"Mo mọ̀."

Wọ́n lọ síbòmíràn. Èsì kan náà ni; ìwé ti pólì ni kò tọ̀nà. Pásítọ̀ ní òun kò lè so wọ́n pọ̀.

"Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ní," ni Olúkúnlé ń bẹ̀ ẹ́. "Ó lè má kàn wá."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi náà. Mẹ́ta ló bí, Kúnlé. Méjì ló mú."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ká fi ara wa sílẹ̀."

"Mi ò gbà."

Ó gbà o, kò gbà o, Fúnlọ́lá kò gun ọ̀kadà rẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń máàkì ìwé, ó kan ti Jùwọ́nlọ. Ọmọ náà ti kọ ọ́ gàdàgbà pé àǹtí àwọn àti káfíńtà see eye to eye. Gírámà rẹ̀ pé. Fúnlọ́lá fa àmì pé ó tọ́ sí i, ó fún un ní máàkì, ó sì dorí kọ tábìlì, ó sunkún títí aago fi lù.

Oṣù méjì kọjá kí Olúkúnlé tó yọ sí wọn ní Ìlọrà. Ó ti rù hangogo. Fúnlọ́lá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Jẹ́ ká fẹ́ ara wa, ká má bímọ," ni ó wí, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ìwọ nìkan ni màmá yín bí."

"Mo ti sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n dìde, wọ́n lọ ń yan gàrí wọn."

Fúnlọ́lá fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ títí kò fi sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́. "Ọmọ tó máa jẹ irú ìyà tí Ìyìn ń jẹ, ó sàn kí n má bí i rárá."

Ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wá. "Àǹtí mi, ṣé ó sàn kí wọ́n má bí èmi náà ni?"

Ìyìn ló dúró síbẹ̀, ó fara ti ògiri. Fúnlọ́lá kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Ìyìn wí. "Inú mi máa ń dùn pé mo wà láyé. Tí egungun bá sì ti ń ro mí, mo máa ń ṣépè fún ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ má torí mi kọ ara yín, ẹ má sì torí mi fẹ́ ara yín. Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ẹ jókòó, kí ẹ jọ sọ ọ́."

Wọ́n jókòó sórí àpótí.

"Tó bá di ọjọ́ iwájú," ni Olúkúnlé bi í, "tí ò ń wo ọmọ ọlọ́mọ, ṣé o ò ní kórìíra mi?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Láti ọjọ́ tí ìwé èsì ti jáde, ohun àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn wọn ṣọ̀kan lé lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa rọlẹ̀, wọ́n ti gbà pé àwọn ò ní bímọ, pé bí àyè bá yọ, àwọn á gba ọmọ tọ́, àti pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ń dùn kò ní fi pa mọ́ fún ẹnì kejì.

Ọ́fíìsì káńsù ní Jóbèlé ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ìyá Olúkúnlé kò wá. Ìyá Fúnlọ́lá wá, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ìyìn àti Tolú, tíṣà ẹlẹgbẹ́ Fúnlọ́lá, ló bu ọwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Àgbàlagbà ọlọ́yàyà ni akọ̀wé tó so wọ́n pọ̀, kò sì mọ nǹkan kan. Ó na ìwé sí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní o!"

Ìyá Fúnlọ́lá wolẹ̀. Bàbá náà ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń retí.

Fúnlọ́lá wá ọwọ́ Olúkúnlé lábẹ́ tábìlì. Ó dì í mú.

"Àmín, sà," ni ó wí.

"Àmín," ni Olúkúnlé náà wí.