Akúrúyẹjó àti Àwọn Ajẹpẹtà

Kò dá Òjìádé lójú. Bí a bá pè é síwájú àwọn àgbà, tí a ní kó sọ bóyá ó gbàgbé ni tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò ní lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn ajẹpẹtà ṣì wà nínú irin ọkọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń tún ṣe ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n jáde, pé òun ló yẹ kó pè wọ́n jáde, àti pé òun kò pè wọ́n.

Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, irin ti di ohun àtijọ́ ní ìlú Ẹ̀fọ̀n. Wọn kì í kọ́ ilé mọ́, gbígbìn ni wọ́n ń gbìn ín, tí yóò hù, tí yóò sì le bí èèpo àgbọn. Ọkọ̀ adárìn ló kún òpópónà. Kò ní sitiárìn, kò ní bíréèkì. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á kàn dárúkọ ibi tó ń lọ, á sì káwọ́ gbera títí yóò fi débẹ̀. Ọjọ́ kan péré nínú ọdún ni ìgbìmọ̀ ìlú yọ̀ǹda pé kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wakọ̀, Ọjọ́ Àfọwọ́wà ni wọ́n sì ń pè é. Lọ́jọ́ náà, àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ ayé àtijọ́ tó ṣì ń mí á fi gun òkè, ní ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ọ̀gbun wà lápá kan rẹ̀. Èrò á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ mọ́.

Ṣùbúọlá, ìyàwó Òjìádé, ń tún ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ọkọ̀ kékeré ni, onílẹ̀kùn mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ gé kúrú bí ohun tí a fi àdá gé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa ṣí sókè bí ẹnu ọ̀nì tó ń yá oòrùn. Kò ga, kò gùn, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fi ẹ́ńjìnnì alágbára sí i nínú, wọ́n tún fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì kó lè sáré sí i, kún un, tó fi jẹ́ pé nígbà ayé rẹ̀, ọkọ̀ ńláńlá a máa yà fún un ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Fọlárìn ló ni ín. Fọlárìn ni ọkọ àkọ́fẹ́ Ṣùbúọlá. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ìbùdó tó ń yí òṣùpá po, ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e sì ṣí sílẹ̀ nígbà tí kò yẹ kó ṣí. Wọn kò rí èékánná rẹ̀ kan sin. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti bà tó sì ṣẹ́ kù sáyé ni ọkọ̀ yìí, tó wà lábẹ́ tapólì nílé ìyá rẹ̀, tí òjò ń rọ̀ lé lórí, tó sì dógùn-ún títí adìyẹ fi ń gba ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ yé ẹyin. Nígbà tí Ṣùbúọlá fẹ́ Òjìádé, ẹrù rẹ̀ kò pọ̀. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀, nítorí atún-ẹ̀rọ-ṣe ni, ó sì wọ́ ọkọ̀ náà dání.

Òjìádé ì bá fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí kò lè fara mọ́ ni orúkọ.

Gbogbo wa la mọ àṣà náà. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó. Ìnagijẹ ni yóò fún un. Nígbà tí Ṣùbúọlá wọ ilé Fọlárìn, ó bá ọkọ̀ náà nílé, ó sì fi àwàdà fún òun náà ní orúkọ tirẹ̀: Akúrúyẹjó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ikú Fọlárìn, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́, orúkọ náà kò sì kúrò. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Ṣùbúọlá á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀, á ní, “Akúrúyẹjó, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ara ò ro yín jù lónìí?”

Ilé ìtọ́mọ ìjọba ni wọ́n ti tọ́ Òjìádé dàgbà. Kò ní ìyá, kò ní bàbá, kò ní àbúrò. Nígbà tí Ṣùbúọlá wọ ilé rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó lè fún lórúkọ, àfi ìwé àti àga. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì ti máa ń rò pé ẹni tó kàwé tó òun kò ní mọ ohun tí a ń pè ní owú. Ó wá rí i pé owú kò bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Alààyè a máa hanrun, a máa bínú, irun a máa wọ̀n lórí rẹ̀. Òkú kì í ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ du obìnrin?

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó bá Ṣùbúọlá lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú Ìyá Fọlárìn, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, tó máa ń wá bá a fi sáńpépà ha irin náà. Ìpẹtà ti kun àwọn méjèèjì pupa bí ẹni tó fi osùn para.

“Ìgbà wo lẹ máa ha èyí tán?” ni Òjìádé wí. “Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ajẹpẹtà ràn yín lọ́wọ́.”

Ajẹpẹtà ni iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹ̀dá tíntìntín ni wọ́n, ojú lásán kò lè rí wọn. Òjìádé mú irúgbìn wọn láti inú ẹrẹ̀ pupa kan, ó tún wọn dá ní yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga, títí wọ́n fi lè jẹ ìpẹtà kí wọ́n sì yà á padà bí irin tuntun. Inú òróró ni wọ́n ń gbé. Búrọ́ọ̀ṣì ni a fi ń kùn wọ́n sára ohun tó dípẹtà. Nígbà tí oúnjẹ wọn bá tán, a ó gbé àwo ìpè, àwo gbígbóná kan tí òórùn rẹ̀ ń fà wọ́n, lé irin náà lórí, wọn yóò sì tú jáde wá kóra jọ síbẹ̀ bí epo lójú ọbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú ti ń retí àtilo wọ́n lórí afárá irin àtijọ́ tí ìdajì ìlú ń gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹnu Òjìádé nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

Ìyá Fọlárìn ju sáńpépà rẹ̀ sílẹ̀. “Ọ̀mọ̀wé, tí ìpẹtà bá tán, kí ni wọ́n ń jẹ?”

“Màá ti pè wọ́n jáde nígbà náà, Ìyá.”

“Tí o ò bá pè wọ́n ńkọ́?”

“Ìyá, wọn kì í ṣe ewúrẹ́.”

“Ewúrẹ́ sàn. Ewúrẹ́ a máa ké tí ebi bá ń pa á.”

Ṣùbúọlá bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀! Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni?” Ó yíjú sí Òjìádé, ojú rẹ̀ kún fún ọpẹ́. Ọpẹ́ náà dun Òjìádé, nítorí ó mọ̀ pé nítorí ọkọ̀ náà ni.

Kò sọ fún wọn pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n gbàgbé àwo irin kan sí yàrá ìwádìí lásìkò ìsinmi. Nígbà tí wọ́n dé, òde rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ sì ti ṣófo bí kèrègbè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní irin náà ni kò dára tẹ́lẹ̀. Òjìádé kò gbà, kò sì kọ̀. Ọkùnrin kan ni tí kì í sọ ohun tí kò bá dá a lójú, àwọn ènìyàn sì máa ń yìn ín fún èyí.

Iṣẹ́ àwọn ajẹpẹtà dára. Kí oṣù tó lé, pupa ti di eérú, eérú ti di fàdákà. Àwọn ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà dí. Ìyá Fọlárìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó mirí. “Mo gbà fún ọ, Ọ̀mọ̀wé. Àgbà tí kò bá gba òtítọ́ kò ní í gba àdúrà.”

Ní ìrọ̀lẹ́ tó yẹ kó pè wọ́n jáde, Òjìádé gbé àwo ìpè, ó gba kọ̀rọ̀ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohùn Ṣùbúọlá ló kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀kùn ọkọ̀.

“Akúrúyẹjó, ẹ wo bí ẹ ṣe tún dà bí ọjọ́ tí mo bá yín nílé. Tí ẹ bá rí ẹni yẹn, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé ọkọ mi ò yọ mí lẹ́nu, pé mò ń jẹun, mò ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé láti ìgbà tó ti lọ, mi ò tíì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí.”

Òjìádé dúró níbẹ̀, àwo náà ń jó o lọ́wọ́. Ó wá yí padà jẹ́ẹ́jẹ́, ó lọ gbé e sórí pẹpẹ. Lọ́la, ni ó wí nínú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, iṣẹ́ pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, tàbí ó wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, Ṣùbúọlá bi í pé, “Ẹ ti pè wọ́n jáde?” Òkèlè wà lẹ́nu Òjìádé. Ó mi orí bí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí di òní, kò lè sọ bóyá ó ń dáhùn ni tàbí ó ń gbé òkèlè mì.

Ṣùbúọlá kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ aró. Ó da epo ewédò sí i, epo tí wọ́n ń fún láti ara ewé inú omi láyé ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ké, àwọn ará àdúgbò sì tú jáde. Lójoojúmọ́ ni Òjìádé ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá wọ́n ti kú fúnra wọn lábẹ́ ọ̀dà náà. Bóyá irin yẹn ni kò dára lóòótọ́. Inú bóyá yìí ni owú rẹ̀ kọ́lé sí, ó sì ń gbé ibẹ̀ jẹ́ẹ́, bí àlejò tó mọ̀wà á hù.

Àárọ̀ Ọjọ́ Àfọwọ́wà pé. Ìyá Fọlárìn ti jókòó síwájú ọkọ̀, ó dé àṣíborí ọmọ rẹ̀, ó tóbi fún un tó fi bò ó lójú.

“Ẹ jókòó dáadáa, Ìyá. Ibi tí mo máa gbé yín gbà, ẹ ó pe orúkọ tí mọ́mì yín ń pè yín ní kékeré.”

“Ìwọ wakọ̀! Ẹni tó ti sin ọkọ, tó pàdánù ọmọ, ewu wo ló kù?”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùbúọlá fa ilẹ̀kùn pa, Òjìádé tó dúró létí géètì sì gbọ́ ìró rẹ̀. Kò dún bí irin. Igbá ló dún bí. Ó wo abẹ́ ọkọ̀ náà, ó rí lẹ́búlẹ́bú eérú kan tó ń dà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ̀n ọ́n.

Kò dá a lójú síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbéra. Ó lọ dúró síwájú ọkọ̀ náà.

“Ẹ kúrò lọ́nà, Ọ̀mọ̀wé! Àbí ẹ fẹ́ kí n fi yín ṣe ẹbọ ìrìn-àjò ni?” ni Ṣùbúọlá wí.

“Pa iná rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

“Kí ló dé? Ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń bá jowú ni?” Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Òjìádé wí.

Ẹ̀rín náà kú. Òjìádé bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi àtàǹpàkò tẹ irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò wọlé bí ẹni tẹ àkàrà. Ọ̀dà aró náà fọ́, ibi tí irin yẹ kó wà kò sí nǹkan kan ju eérú lọ, ó sì ń ṣàn sórí bàtà rẹ̀.

Ṣùbúọlá pa ẹ́ńjìnnì.

“Mo bi yín. Mo bi yín nídìí oúnjẹ.”

“O bi mí.”

“Ẹ mi orí.”

“Mo mi orí.”

Ìyá Fọlárìn ṣí àṣíborí náà kúrò. “Ṣé oògùn wà fún un? Ṣé a lè dá a padà?”

“Kò sí, Ìyá. Iná nìkan ló ń pa wọ́n. A ní láti yọ́ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má baà rìn lọ bá irin míì.”

“Àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ yín ńkọ́? Èyí tí ẹ fẹ́ dà sórí afárá?” ni Ṣùbúọlá bi í.

Òjìádé la ẹnu, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé sì wá sí i lẹ́nu wọ́ọ́rọ́wọ́: pé ìwádìí kò tíì parí, pé bí a bá pè wọ́n lásìkò, wọn kì í ṣe ibi. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó wá rò ó pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yóò dúró létí afárá náà, àwo ìpè lọ́wọ́, ohun kan yóò sì ti gún un lọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, yóò sì yí padà láì pè wọ́n. Ó rántí àwọn ọdún tó lò, ojú tó fọ́ mọ́ dígí tó fi ń wò wọ́n, ẹ̀dá kan ṣoṣo láyé tí ó lè pè ní ará ilé òun.

Ṣùbúọlá kò tíì fi sitiárìn sílẹ̀. Ó ń wo Òjìádé bí ènìyàn ti ń wo àlejò tí kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò gbà á wọlé.

“Ẹ má mi orí sí i,” ni ó wí. “Ẹ fi ẹnu sọ ọ́.”

Òjìádé nu eérú kúrò lórí àtàǹpàkò rẹ̀.

“Màá sun wọ́n,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ti rò lọ. “Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yìí, àti ìyá irúgbìn wọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Lónìí ni. Mi ò ní í dá ẹyọ kan sí.”