Ìtì Igi Méjì Lábẹ́ Ibùsùn

Ìyàwó káfíńtà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ó ń gba ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ wọlé, kí ó lè bá a mu tí ó bá ti ọsibítù dé. Dẹ́rẹ́bà, àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ìyàwó kejì tí bàbá wọn fẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé, kò sì kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó, fi ṣòkòtò yẹn sílẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Ó rán an tán, ó fi eyín já òwú rẹ̀, kí ó tó figbe ta.

Kí ló pa káfíńtà? Ọkùnrin tí ó máa ń fi ètè di ìṣó mú, tí yóò sì máa kọrin láàárín wọn, tí ohùn rẹ̀ borí ariwo ayùn! Nígbà tó yá, ohùn náà há, ó dà bí ti àkùkọ tí òjò pa. "Àyà ló ń ta mí," ni ó máa ń wí. Ó ń ra oògùn funfun ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ó ń mu ún bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mu wàrà. Àyà rọ̀, ohùn kò là. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há a lọ́fun. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àdúgbò kò dúró de dókítà. Wọ́n ti mọ̀ pé ìyá káfíńtà, tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, kì í dùbúlẹ̀ lóru. Ẹyẹ kan sì máa ń ké lórí òrùlé náà. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ti yọjú lójú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan: ẹyẹ ń ké, ìyá jókòó ṣánṣán nínú òkùnkùn, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dẹ́rẹ́bà wá tún yàrá ṣe. Bí ó ti fa ibùsùn olóògbé, ó rí ìtì igi méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn níhà orí.

"Kí ni èyí? Ta ló ki igi bọ abẹ́ ẹni tí ń ṣàìsàn?"

"Ìyá ló ní kí ó ṣe é." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu ìyàwó kí ó tó rí i mú.

Dẹ́rẹ́bà pariwo títí àwọn aládùúgbò fi pé sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá, ẹ kó ẹrù yín! Ẹ ò ní sùn nínú ilé bàbá mi lónìí."

"Omi kíkan ló máa ń gùn mí wá sọ́fun tí mo bá dùbúlẹ̀," ni ìyá wí. "Ìdí tí mo fi ń jókòó sùn nìyẹn. Mo rò pé òun náà ni ó ń ṣe ọmọ mi. Mo ní kí ó gbé orí ibùsùn sókè."

"Ẹ gbọ́ o! Ìyá ń jókòó sùn bí adìyẹ!" ni Dẹ́rẹ́bà kígbe.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi kan ṣoṣo ni mo sin," ni ìyá wí. "Níbo ni kí n lọ?"

"Ibi tí ẹyẹ yín ń lọ."

Ìyàwó yí ojú kúrò lára ìyá.

Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú káfíńtà ni ó la àárín èrò kọjá. Bàtà olóògbé tí wọ́n gbàgbé sí ọsibítù ni ó mú wá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìta. Ó jókòó ti ìyá.

"Màmá, ṣé ohùn yín há rí, tí kò sì là mọ́?"

"Ó máa ń há díẹ̀ láàárọ̀. Á sì là."

"Oúnjẹ ń há yín lọ́fun? Ẹ ń rù? Kókó wà lọ́rùn yín? Etí ń ro yín tí ẹ bá gbé nǹkan mì?"

"Rárá, ọmọ mi."

"Omi kíkan inú ló ń dà yín láàmú nígbà náà. Oògùn àti ibùsùn tí orí rẹ̀ ga máa ń rọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ẹ wá kí dókítà yẹ̀ yín wò. Bí ti ọmọ yín ṣe jọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí oúnjẹ tí kò lọ mọ́, ọsibítù ló yẹ kó gbé ènìyàn lọ kíá. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ni ó pa á. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀."

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ò mọ ayé," ni Dẹ́rẹ́bà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde. Èrò tú ká.

Ìyàwó wo ṣòkòtò tí ó wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ti gba ìbàdí yìí wọlé? Nígbàkigbà tí ó bá wọ̀n ọ́n ni ó máa ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ ti ń padà di ọ̀dọ́mọkùnrin o!" Ọkọ á rẹ́rìn-ín tí kò ní ohùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé ọkọ òun ń rù. Kò bi ọwọ́ rẹ̀ léèrè.

"Èmi ni mo pa á, Ìyàwó," ni ìyá wí. "Mo fi àìsàn tèmi wọn tirẹ̀. Ó ní òun á gbẹ́ irú igi yẹn fún èmi náà. Kò rí i ṣe."

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Ìyá, èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹ má lọ."

Nírọ̀lẹ́, ó gbé ìtì igi méjèèjì lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Káfíńtà ti gbẹ́ kòtò sí orí wọn, kí ẹsẹ̀ ibùsùn má baà yọ̀. Ó fi èjìká gbé orí ibùsùn ìyá sókè, ó ki igi kan sábẹ́, ó yí sí ìhà kejì, ó ki èkejì. Ó mì í wò. Kò mì.

"Ẹ dùbúlẹ̀, Ìyá."

Arúgbó náà dùbúlẹ̀. Ẹyẹ ké lórí òrùlé. Ìyàwó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ó fi sùn.