Àsíá Bàbá Ògúntádé àti Wáyà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Ó ku ọ̀la kí àjọ̀dún òmìnira Nàìjíríà pé. Bàbá Ògúntádé gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n da èédú tó ti ràn sínú áyọ́ọ̀nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àsíá.

Wọ́n á lọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á wò ó. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Ìtùnúolúwa, ọmọ wọn obìnrin, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa fi ṣe gàrí.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ fẹ́ lọ nǹkan yìí?" ó fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ má dáná sun Nàìjíríà fún wa o."

"Títí á fi gún ni," Bàbá dáhùn. "Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kí àsíá yìí ní iléèwé. Kò tíì fẹ́ lẹ́lẹ́ nílé tèmi rí. Lọ́dún yìí, ó máa fẹ́."

Bí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti parí nìyẹn. Ọmọ wọn mọ̀ wọ́n.

Abúlé Aládé, lẹ́yìn Lálúpọn, ni wọ́n ń gbé. Kò pẹ́ tí Lateef, bíríkìlà tó wà lójúlé kejì, fi wọ́ páìpù irin gbọọrọ kan wọ àgbàlá.

"Tíṣà, òpó àsíá yín dé! Mẹ́ta ni mo so pọ̀. Tí a bá gbé e nàró, láti Lálúpọn ni wọ́n á ti máa sàlúùtù yín."

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn."

"Àmọ́ wọ́n ń bi mí lójú ọ̀nà pé ṣé ilé Tíṣà ti di àgọ́ ọlọ́pàá ni."

"Bi àwọn náà pé ṣé ọlọ́pàá nìkan ló ni Nàìjíríà."

Lateef rẹ́rìn-ín títí, ó gbé ṣọ́bìrì, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò ní igun ilé tó kọjú sí títì. Ìtùnúolúwa ń wò ó. Ojú rẹ̀ kúrò lára ihò, ó bọ́ sára páìpù, ó sì gòkè lọ. Wáyà ńlá mẹ́ta ló gba orí igun ilé yẹn kọjá, láti òpó iná kan dé èkejì.

"Lateef, ṣé o ò rí wáyà lókè yẹn ni?"

"Wáyà wo? Èyí tó ti kú yìí?"

Láti ìgbà àjọ̀dún Àjíǹde ni tíránsífọ́mà abúlé ti jó. Láti ọjọ́ náà, tọmọdé tàgbà Aládé ló ń wí i pé wáyà ti kú. Wọ́n ń sá aṣọ sára òpó iná. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù wáyà, wọ́n á bi í pé ṣé òkú ló ń sá fún.

"Wo àdàbà méjì tó bà lé e," ni Lateef wí. "Iná ì bá wà níbẹ̀, wọn ì bá ti di sísun. Ìwọ náà, máa bó ẹ̀gẹ́ rẹ."

Ìtùnúolúwa ò mọ nǹkan kan nípa iná. Àmọ́ ó rántí ohun kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí òjò ṣe dá, tí gbogbo ibi pa rọ́rọ́, ó gbọ́ tí nǹkan ń kùn lókè, yìn-ìn, yìn-ìn. Lateef ní oyin ni. Òun ní tirẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ń rò ó pé bóyá wáyà ń kọrin fúnra rẹ̀ nítorí pé ó dá wà. Èrò yẹn dùn mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Nísinsìnyí, ó dẹ́rù bà á. Kí ló ń kọrin nínú ohun tó ti kú?

Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó rìn lọ síbi tí páìpù wà, ó sì jókòó lé e lórí.

"Ìtùnú, dìde," Bàbá wí.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò dìde."

"Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ o!"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n pe ìyá Rilwan kọ́kọ́ wá wò ó. Tí wọ́n bá ní kò séwu, èmi fúnra mi ni màá bá yín gbé e."

"Ìyá Rilwan kẹ̀!" Lateef pariwo. "Òpó àsíá la fẹ́ rì, a tún ń wá obìnrin lọ!"

Ìyá Rilwan, Zubaidah lorúkọ rẹ̀, ẹlẹ́tíríìkà ni ní iléeṣẹ́ ìwádìí kan n'Ìbàdàn. Orí ọ̀kadà ló wà nígbà tí Ìtùnúolúwa pè é, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Kò yà sílé rẹ̀ rárá. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo páìpù, ó wo òkè, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Lateef, jọ̀ọ́, kúrò nídìí ihò yẹn."

"Ìyá Rilwan, wáyà yìí ti kú. Gbogbo abúlé ló mọ̀."

"Ta ló tún sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá rẹ ṣe nígbà tó fẹ́ẹ́ jó ọ mọ́lé?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Panu mọ́ ná."

Ó yíjú sí Bàbá. "Bàbá, oríṣi wáyà méjì ló wà níbí. Àwọn kékeré tó ń ti ìdí tíránsífọ́mà bọ̀ wá sílé wa, iná ò sí nínú wọn, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn ńlá tó wà lókè yìí, àwọn ló ń gbé iná bọ̀ wá bá tíránsífọ́mà, wọn ò sì dúró lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń kọjá lọ ni. Tíránsífọ́mà ló jó. Wáyà ńlá ò kú."

Bàbá mi orí. Tíṣà ni wọ́n, wọn kì í gba ìdáhùn láìrí bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n pe Múyì, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì, tó ń gbé Ejíokú níwájú. Wọ́n gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Múyì, ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín?"

"Láti àárọ̀ ló ti wà. Mò ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́la lọ́wọ́. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Wáyà wo ló ń gbé e wá fún yín?"

"Irú ìbéèrè wo nìyí, Ògúntádé? Wáyà ojú títì náà ni. Èyí tó gba orí ilé rẹ kọjá."

Bàbá wo áyọ́ọ̀nù eléèédú wọn lórí tábìlì, wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n wo wáyà fún ìgbà pípẹ́.

"Àdàbà yẹn wá ńkọ́?" Lateef béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Àdàbà ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Orí wáyà kan ṣoṣo ló wà. Ìwọ máa dúró lórí ilẹ̀ tútù, wàá di irin mú. Inú ara rẹ niná máa gbà bọ́ sílẹ̀. Páìpù ò tiẹ̀ ní láti kàn án. Tó bá ti sún mọ́ ọn jù, iná ńlá lè fò bọ́ sórí rẹ̀. Bàbá tó bá ọ di ìdí páìpù mú, àwọn náà nìyẹn."

Ìtùnúolúwa rí i lọ́kàn rẹ̀, ọwọ́ mẹ́rin lórí páìpù kan.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ká àsíá pọ̀, díẹ̀díẹ̀. "Ó dáa. A ò ní ta á mọ́ nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìtùnúolúwa dìde. "Ẹ ní lọ́dún yìí ló máa fẹ́. Ó máa fẹ́, Bàbá. Ibi tó ti máa fẹ́ la máa wá."

Wọ́n fi páìpù náà sílẹ̀. Zubaidah ní kí Lateef wá igi kúkúrú tó gbẹ tí wọ́n máa fi ṣe òpó, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá fẹ́ rì í sí, kó sì máa yí orí rẹ̀ po bí ọwọ́ aago. Ó ní ibikíbi tí orí igi bá dé, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ abẹ́ wáyà, nítorí pé ibi tí òpó lè ṣubú sí nìyẹn. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n yí i, ibi mẹ́ta ni wọ́n kọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n bá a dé, létí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí iléèwé.

"Àwọn ará ojú títì ò ní rí i níbí," Bàbá ráhùn.

"Àwọn ọmọ iléèwé máa rí i," ọmọ wọn fèsì.

Bàbá gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Lateef, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ ihò náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Lateef so àsíá, ó so ó ní ìbú.

"Àwọ̀ ewé kì í sùn!" Bàbá kígbe mọ́ ọn. "Òró ni wọ́n ń dúró, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!" Ó tún un so. Atẹ́gùn gbé e. Bàbá nàró ṣánṣán, ojú wọn rọ̀. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ sóko kí wọn kú ọdún, ó sì fi kún un pé, "Ẹ ò bá gbé e sójú títì, Tíṣà. Wáyà ibẹ̀ ṣebí ó ti kú."

"Kò kú!" Bàbá sọ fún un. "Iná ni ò dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ sọ fún wọn nílé yín. Kí wọ́n tú ewúrẹ́ kúrò lára òpó, kí wọ́n kó aṣọ tí wọ́n sá síbẹ̀."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀tọ́ yín ni láti ta àsíá orílẹ̀-èdè yín nílé. Àmọ́ ẹ wo òkè kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ má gbé páìpù, àkàbà tàbí òpó kankan nàró nítòsí wáyà iná, ẹ má sì so àsíá mọ́ òpó iná. Pé iná ò sí nílé yín kò ní kí wáyà òkè máà ní iná nínú. Ẹ ka gbogbo wáyà sí èyí tó ní iná. Igi tó tutù náà lè gbé iná. Bí òpó bá kan wáyà, ẹ má fọwọ́ kan ẹni tó dì í mú, ẹ jìnnà síbẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́ iná kíá.

Àsíá tó bá ti ya tàbí tó ti ṣá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì kọ nǹkan sára rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ta á síbi tí ọwọ́ tó gbé e sókè láàárọ̀ yóò ti wà láàyè láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́.